Ṣé Tor ń gbani lọ́wọ́ òfin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Amẹ́ríkà, báwo ni ilé ẹjọ́ ṣe ń mọ àwòrán ìbálòpọ̀ tó tako òfin? Ohun tó bá wà lórí Tor, ètò orí ayélujára tó ń fi ibi tí èèyàn wà pamọ́, ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìbéèrè mẹ́ta ni, láti inú ẹjọ́ Miller v. California, 1973. Lójú aráàlú lásán, ní ìwọ̀n àdúgbò rẹ̀, ṣé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni odindi iṣẹ́ náà ń rú sókè? Ṣé ó ṣàfihàn ìbálòpọ̀ tí òfin ìpínlẹ̀ dárúkọ, lọ́nà tó burú jáì? Ṣé kò ní láárí gidi ní ti lítíréṣọ̀, iṣẹ́ ọnà, ìṣèlú tàbí sáyẹ́ǹsì? Bí ọ̀kan péré bá yẹ̀, ẹjọ́ ti tú nìyẹn. Ẹ má fa ojú ewé kan ṣoṣo yọ kí ẹ wá máa pariwo. Odindi ni wọ́n ń wò.

Àwòrán ìbálòpọ̀ ti ọmọdé yàtọ̀ pátápátá. Láti 1982, wọn kì í bi ìbéèrè mẹ́ta yẹn mọ́. Láti 1990, ìpínlẹ̀ lè fìyà jẹ ẹni tó kàn fi í pamọ́ sílé.

Lílo Tor fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló sábà ń gbé ìsọfúnni kọjá: ti àkọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá, kò mọ ibi tó ń lọ, ti ìkẹyìn mọ ibi tó ń lọ, kò mọ ẹni tó rán an. Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yín nìkan ni Tor ń bò. Bí ẹ bá forúkọ yín wọlé, ẹ ti tú ara yín fó.