Àdán Tí Ń Mu Omi Òdòdó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ pé àwọn àdán kan wà ní Mẹ́síkò tó jẹ́ pé omi dídùn inú òdòdó ni oúnjẹ wọn. Ṣé omi ṣúgà lásán lè gbé ẹran tó ń fò ró? Wọn kì í ba òdòdó ọ̀hún jẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, omi dídùn nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn dáhùn, Leptonycteris yerbabuenae. Kò wúwo tó gíráàmù 30. Imú rẹ̀ gùn, ahọ́n rẹ̀ tún gùn jù ú lọ, irun wínníwínní sì wà lórí ahọ́n náà tí omi òdòdó ń rọ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí òdòdó saguaro, igi ẹlẹ́gùn-ún inú aṣálẹ̀, bá là, á ki orí bọ̀ ọ́, á lá a wéréwéré, ó ti lọ. Kì í ya òdòdó náà.

Àmọ́ kó tó yọrí, ìyẹ̀fun òdòdó á ti bò ó lórí, lójú, láyà. Ibí gan-an ni ìdáhùn yín wà. Tó bá lọ sinmi, á máa fi èékánná ẹsẹ̀ ya irun ara rẹ̀ bí ẹni tó ń yarun, á sì máa lá ìyẹ̀fun náà jẹ. Inú rẹ̀ ló ti ń rí purotéènì. Èyí tó ṣẹ́kù sí i lára, òdòdó mìíràn ló ń gbé e lọ bá, igi á sì so èso.

Ti agave, tí wọ́n fi ń ṣe ọtí tequila, ló ń dùn mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń tanná kó tó kú. Àwọn àgbẹ̀ a máa gé ọ̀pá òdòdó rẹ̀ dànù kó tó là, kí ṣúgà má bàa kúrò nídìí rẹ̀. Kí wá ni àdán yóò mu? Lọ́dún 1988 tí Amẹ́ríkà kà á mọ́ ẹran tó fẹ́ parun, iye tí wọ́n mọ̀ kò tó 1,000. Ààbò tí wọ́n fún ihò tó ń gbé ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́dún 2018, wọ́n fojú bù ú sí 200,000.

Onímọ̀ ọmọ Mẹ́síkò kan, Rodrigo Medellín, ń rọ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí agave 5 nínú 100 tanná. Lójú tèmi, kò pọ̀ rárá, àǹfààní tiwọn náà ni. Agave tí wọ́n ń ti ìdí ìyá rẹ̀ yọ gbìn jọra délẹ̀; àrùn kan ṣoṣo lè run oko. Èyí tí àdán bá bẹ̀ wò ló ń so irúgbìn tuntun.