Ṣé AS/400 wa náà ni wọ́n ń pè ní IBM i?

Ìbéèrè: Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wa ti fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. AS/400 ni àwọn àgbà ibiṣẹ́ ń pe ẹ̀rọ náà, iSeries ló wà nínú ìwé àdéhùn àtúnṣe, àwọn tó fẹ́ ta tuntun fún wa sì ń sọ IBM i àti Power. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ tún gbogbo ètò ìṣirò owó wa kọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ìran kan náà ni gbogbo wọn, àmọ́ òmíràn jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ, òmíràn jẹ́ orúkọ ètò tó ń darí ẹ̀rọ.

Lọ́dún 1988 ni IBM gbé AS/400 jáde, OS/400 ló ń darí rẹ̀. Ní 2000, ẹ̀rọ di iSeries, OS/400 kò sì yí padà. Ní 2004, ẹ̀rọ di i5, ètò di i5/OS, nítorí ṣípù POWER5. Nígbà tí POWER6 dé, "5" yẹn ò bá a mu mọ́. Ní 2008, wọ́n da ẹ̀rọ náà pọ̀ mọ́ System p, ẹ̀rọ IBM mìíràn, wọ́n pe àpapọ̀ wọn ní Power Systems, ètò wá di IBM i. Èyí ló dùn mí jù: lẹ́tà kan ṣoṣo! Ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ lórí Google máa jìyà. Power sì lè gbé AIX tàbí Linux, tí wọ́n jẹ́ ètò ìdarí mìíràn, nítorí náà ẹni tó bá ní òun ń ta Power kò tíì sọ pé IBM i wà lórí rẹ̀.

Kẹ́ ẹ lè mọ ẹ̀yà ètò ìdarí tó wà lórí ẹ̀rọ yín, ẹ tẹ GO LICPGM, ẹ mú 10, ẹ wá ìlà tó parí sí SS1. 5770SS1 jẹ́ IBM i ẹ̀yà 7.1 sókè, 5761SS1 jẹ́ ẹ̀yà 6.1. Bó bá jẹ́ 5722SS1, V5, ẹ̀yà tó ṣáájú 6.1, lẹ ṣì ń lò. DSPSYSVAL QSRLNBR máa fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ hàn yín. Ẹ fi wé ti inú ìwé àdéhùn.

Ní ti àtúnkọ, ètò àtijọ́ bíi ti ìṣirò owó yín sábà máa ń ṣiṣẹ́ lọ lórí ẹ̀rọ tuntun. Láti V5 bọ́ sí 6.1 ló gba ìṣọ́ra: wọ́n máa ń yí ètò kọ̀ọ̀kan padà níbẹ̀, èyí tí wọ́n bá sì ti yọ ìsọfúnni ìṣẹ̀dá rẹ̀ (ohun tí ẹ̀rọ fi ń tún ètò náà dá) kúrò kò ní ṣeé yí. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín fi àṣẹ ANZOBJCVN yẹ àwọn ètò yín wò, kó sì fún yín ní orúkọ àwọn ètò tó bá kọ̀, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.