Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí a Ṣe Lè Yí Iṣẹ́ Àwọn Bọ́tìnì Voicemail Ọ́fíìsì Padà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Akọ̀wé àgbà ni mí ní ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò kan ní Ìkẹjà. Lórí tẹlifóònù tí a ń lò tẹ́lẹ̀, bọ́tìnì 7 la fi ń pa ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi sílẹ̀ rẹ́, 9 la sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Cisco Unity Connection, ètò tuntun tí ń gba ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi sílẹ̀ (voicemail), wá fún wa, ó di pé bí a bá tẹ 7, ọ̀rọ̀ náà á padà sẹ́yìn, bí a bá sì tẹ 9, á sáré síwájú. 2 ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ báyìí, 3 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sì ń pa á rẹ́, ọ̀rọ̀ oníbàárà sì ti ṣòfò lọ́wọ́ wa. Ẹni tó wá tò ó fún wa ní kí a ní sùúrù títí yóò fi mọ́ wa lára. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun fún lẹ́tà yín. Ọ̀nà mìíràn wà, ẹ̀bi yín kọ́ sì ni. Ẹni tó ti ń tẹ 7 fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ronú kí ó tó tẹ̀ ẹ́ mọ́: ìka rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, nígbà tí etí àti ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ oníbàárà tó ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ètò tuntun ló yẹ kí a tún tò kí ó lè bá ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mu, níwọ̀n ìgbà tí ètò náà bá ti fàyè gbà á, èyí tí ẹ sì ní yìí fàyè gbà á dáadáa.

Ìlànà tí wọ́n fi yín sí ni èyí tí wọ́n ń pè ní Classic Conversation. Yàtọ̀ sí i, mẹ́fà mìíràn wà nínú ètò náà, láti Custom Keypad Mapping 1 títí dé 6, tí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan lè tò bó ṣe wù ú. Kí ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín wọ Cisco Unity Connection Administration, kí ó lọ sí Tools, kí ó ṣí Custom Keypad Mapping, kí ó sì mú ti àkọ́kọ́. Yóò rí ojú-ewé mẹ́jọ níbẹ̀, tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn pẹ̀lú àyè tí a ó kọ bọ́tìnì rẹ̀ sí. Bí a bá fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo, kò sẹ́ni tó lè ṣe iṣẹ́ náà lórí tẹlifóònù mọ́, bọ́tìnì kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ méjì lójú-ewé kan náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ níbi tó kàn yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́. Apá mẹ́ta ni ètò yìí pín ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí: ìkéde orúkọ ẹni tó pè ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn ẹni náà fúnra rẹ̀, àti ohun tí ẹ̀rọ sọ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló ní ojú-ewé tirẹ̀: Message Header, Message Body, Message Footer, àti After Message Menu. Bí alábòójútó yín bá fi pípa-rẹ́ sí 7 lójú-ewé ìkẹyìn nìkan, ẹni tó bá tẹ 7 nígbà tí oníbàárà ṣì ń sọ̀rọ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́yìn, ẹni tó bá sì tẹ 3 nígbà náà yóò pa á rẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́wọ́lọ́wọ́. Ojú-ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ó tún ṣe pọ̀.

Bí èmi yóò ṣe tò ó nìyí: kí a fi pípa-rẹ́ sí 7, kí ohun tó wà ní 7 tẹ́lẹ̀ lójú-ewé kọ̀ọ̀kan bọ́ sí 3, kí a fi títọ́jú sí 9, kí ohun tó wà ní 9 bọ́ sí 2. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ 3 lára kò ní pàdánù ohunkóhun bó bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa ka bọ́tìnì tuntun fún ẹni tó ń gbọ́ ọ, alábòójútó sì lè pinnu èyí tí yóò kọ́kọ́ kà àti èyí tí kò ní kà rárá. Ẹ jẹ́ kí ó ka títọ́jú ṣáájú pípa-rẹ́. Ó ṣeé ṣe láti lo nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ fún iṣẹ́ kan, bíi 76 tí àwọn tó lo voicemail ilé-iṣẹ́ Nortel rí mọ̀ fún pípa-rẹ́, ṣùgbọ́n bí 7 nìkan bá tún ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ̀rọ yóò máa dúró díẹ̀ nígbàkúùgbà láti mọ̀ bóyá nọ́ńbà kejì ń bọ̀. Èmi kò fara mọ́ ìdádúró yẹn.

Lẹ́yìn èyí, kí ó lọ sí ojú-ewé Phone Menu ti òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mú Custom Keypad Mapping 1 níbi tí a kọ Touchtone Conversation Style sí. Kí ènìyàn bíi méjì kọ́kọ́ lò ó kí ó tó kárí gbogbo ọ́fíìsì. Ní ti ọ̀rọ̀ oníbàárà tó ṣòfò, ẹ má tíì sọ ìrètí nù: ní mẹ́nù àkọ́kọ́, ẹ tẹ 3, kí ẹ sì tẹ 2, ẹ óò gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí a pa rẹ́, àyàfi bí wọ́n bá ti tò ó pé kí wọ́n pòórá lójú ẹsẹ̀ tàbí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Èmi ni mo ń bójú tó tẹlifóònù ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbàdàn, ètò tẹlifóònù tí wọ́n ń pè ní Asterisk la sì ń lò. Ṣé èmi náà lè yí bọ́tìnì padà? Ọ̀gá wa sì ní òun kò fẹ́ máa tẹ nọ́ńbà àṣírí kí òun tó gbọ́ ọ̀rọ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ lè yí díẹ̀ padà. Asterisk, tí Mark Spencer bẹ̀rẹ̀ ní 1999, jẹ́ ètò tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú fáìlì voicemail.conf, ìlà márùn-ún wà tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú listen-control. Àwọn ló ń pinnu bọ́tìnì tí ń sáré síwájú, #; èyí tí ń padà sẹ́yìn, *; èyí tí ń dá ọ̀rọ̀ dúró, 0; èyí tí ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látòkè, 2; àti àwọn tí ń gé e, ìyẹn 13456789. Bí ẹ bá yọ 7 kúrò nínú ìlà ìkẹyìn yìí láti lò ó fún nǹkan mìíràn, 7 kò ní lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́ mọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń lọ. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ pàṣẹ voicemail reload.

Pípa-rẹ́ ní 7 àti títọ́jú ní 9 kò sí nínú fáìlì yẹn. Inú ètò gan-an ni wọ́n wà, èmi kò sì ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fọwọ́ kàn wọ́n, nítorí gbogbo ìgbà tí Asterisk tuntun bá dé ni ẹ óò máa tún iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ kàn sọ ohun méjì yìí fún àwọn olùkọ́: bí ènìyàn bá ṣèèṣì tẹ 7, kí ó tún tẹ 7 kí ó tó gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò padà, bí ó bá sì tẹ 9, kí ó dúró, nítorí ẹ̀rọ yóò béèrè àpò tí yóò fi í sí.

Ní ti ọ̀gá yín, lẹ́tà s tí a fi kún VoiceMailMain, àṣẹ Asterisk tí ń ṣí àpótí voicemail, ló ń yọ nọ́ńbà àṣírí kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga wọn yóò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn òbí nípa ọmọ wọn, yóò sì lè fi ohùn tirẹ̀ rọ́pò ìkíni wọn. Ó sàn kí ẹ fi *97, tí FreePBX (ètò tí a fi ń bójú tó Asterisk) ń lò fún àpótí voicemail ẹni tó ń pè, sórí bọ́tìnì kan lára tẹlifóònù wọn, kí ó ku nọ́ńbà àṣírí nìkan ní títẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, láti orí fóònù alágbèéká ni mo sì ti ń pe voicemail ọ́fíìsì. Ṣé mo lè tọ́jú gbogbo nọ́ńbà tí mò ń tẹ̀ pọ̀ sínú fóònù? Kí ló sì dé tí ẹ̀rọ kì í fi í gbọ́ bọ́tìnì mìíràn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ nọ́ńbà ọ́fíìsì, kí ẹ fi kómà méjì sí i, kí nọ́ńbà àpótí yín tẹ̀lé e. Kómà kọ̀ọ̀kan ń dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, àmì ; (semicolon) ní tirẹ̀ ń dúró títí ẹ óò fi gbà á láyè. Ẹ má ṣe kọ nọ́ńbà àṣírí síbẹ̀, nítorí ẹni tó bá rí fóònù yín he ti rí voicemail yín náà he.

Láti 1963 tí ilé-iṣẹ́ Bell ti gbé tẹlifóònù oníbọ́tìnì jáde ní Pennsylvania ni bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ti ń dún ohùn méjì pọ̀: 5, fún àpẹẹrẹ, ń dún ní 770 àti 1336 Hz. Bí ìlà ọ́fíìsì bá ń lo G.729, tí ń fún ohùn pọ̀ kó lè kéré, dídún méjèèjì lè dàrú. Kí alábòójútó fi RFC 4733 sí i, èyí tí ń fi bọ́tìnì ránṣẹ́ lọ́tọ̀ sí ohùn. Bí ó bá ti ṣe é, ẹ pe ọ́fíìsì, kí ẹ tẹ 0 dé 9 pẹ̀lú * àti # lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó máa wò ó lórí kọ̀ǹpútà bóyá gbogbo wọn ló dé.