Kí Ló Dé Tí 5 àti 3 Fi Di 1A?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ìlú Oǹdó. Mo tẹ nọ́ńbà wọ̀nyí sínú kíìtì 8085, ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó ní microprocessor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) 8085, láti àdírẹ́sì 2000 nínú mẹ́mórì: 3E 05 06 03 80 32 50 20 76. Ó yẹ kí ó ro 5 pọ̀ mọ́ 3, kí ó sì fi 8 pamọ́ sí 2050. Mo ṣèèṣì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 2001, 1A ni mo sì bá níbẹ̀, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Báwo ni microprocessor ṣe ń mọ nọ́ńbà tí ó jẹ́ àṣẹ yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ iye lásán?

Ìdáhùn: Kò mọ̀ ọ́n rárá. Ní Àkúrẹ́ níbi tí mo ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, àṣìṣe yín kò ṣàjèjì sí mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó tú àṣírí ẹ̀rọ náà ju ọ̀pọ̀ àlàyé lọ. Nínú mẹ́mórì, 3E kò ní àmì kankan lára tí ó fi hàn pé àṣẹ ni. Rẹ́jísítà kan (àyè kékeré tí nọ́ńbà ń gbé nínú microprocessor) wà tí a ń pè ní program counter, òun ni ó di àdírẹ́sì báìtì (nọ́ńbà alámì méjì bíi 3E) tí ó kàn láti kà mú. Báìtì tí ẹ̀rọ bá bá níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni yóò kà sí àṣẹ. Apá tí ń túmọ̀ àṣẹ yóò wò ó, yóò sì pinnu iye báìtì tí ó tún gbọ́dọ̀ kà kí àṣẹ náà tó pé. Bí a ti ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan ni program counter ń lé ẹyọ kan.

Láti 2000, 3E sọ pé kí a gbé báìtì tí ó tẹ̀lé e sínú accumulator, rẹ́jísítà tí àbájáde ìṣirò ń wà, nítorí náà 05 di iye lásán. 06 gbé 03 sínú B, rẹ́jísítà mìíràn, 80 ro B pọ̀ mọ́ accumulator, 32 kó àbájáde lọ sí 2050 (ìdajì ẹ̀yìn àdírẹ́sì ni a ń kọ ṣáájú, ìyẹn 50 20), 76 sì dá iṣẹ́ dúró.

Láti 2001, ó dà bí ẹni tí ó fo ìbẹ̀rẹ̀ "àìkú", tí ó wá ka "kú". 05 ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ bá, ìtumọ̀ rẹ̀ fún 8085 sì ni kí a yọ ẹyọ kan kúrò nínú B. Lẹ́yìn náà ni ó gbé 03 sí B, tí ó sì rò ó pọ̀ mọ́ ohun tí ó bá nínú accumulator, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fi 5 sí. Láti inú 1A yín, mo mọ̀ pé 17 ni ó wà níbẹ̀, ajẹkù iṣẹ́ tí kíìtì ti ṣe ṣáájú. Nínú ìkà onímẹ́rìndínlógún tí a fi kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, A dúró fún mẹ́wàá, nítorí náà 17 àti 3 jẹ́ 1A.

Orí tún bá yín ṣe é, nítorí pé báìtì kan ṣoṣo ni àṣẹ 05, 2002 sì ni ẹ̀rọ ti padà sí ojú ọ̀nà. Ká ní C3 ni iye tí ẹ fẹ́ rò dípò 05, ẹ̀rọ ìbá kà á sí àṣẹ ìfò, ìbá gbé 06 àti 03 mì gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì, ìbá sì fò lọ sí 0306.