Ó Bi Ọ́, O Ní "Kò Sí Nǹkan"

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́kùnrin àtijọ́ tó rí ọ lórí Facebook láti Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ló ká mi lára, àbúrò mi. Nínú lẹ́tà rẹ, òun lo ní kí n dáhùn, bóyá kí o máa fèsì àbí kí o má fèsì. Ìyẹn lè dúró ná.

Ọdún 12 lo ti lò nílé ọkọ. O ní kì í nà ọ́, kì í yan àlè, àmọ́ ọkàn rẹ ò sí níbẹ̀ mọ́. O wá sáré kọ gbólóhùn kan kọjá: "Lóru ọjọ́ kan ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ló ń ṣe mí, mo ní kò sí nǹkan, mo kọjú sógiri." Kò sí nǹkan kẹ̀? Ojú ìwé mẹ́ta lo kọ sí èmi tí o ò rí rí! Ọkọ rẹ kanlẹ̀kùn, o tì í mọ́ ọn síta, o tún ń ráhùn pé ilé tutù.

O ní owó àjẹsẹ́kù rẹ ti wọ ilé Mọ́níyà, ọmọ ti di mẹ́ta, ibo lo fẹ́ lọ? Irú lẹ́tà yìí pọ̀ lọ́wọ́ mi jù. Caryl Rusbult, obìnrin Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ọ̀rọ̀ olólùfẹ́, ti sọ ọ́ láti 1980 pé ohun tí èèyàn ti ná síbì kan wà lára ohun tó ń dè é mọ́bẹ̀. Èèyàn lè dúró pinpin síbi tí inú rẹ̀ ò ti dùn. Nígbà tó tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fẹ́ra wọn, tó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1983, ó rí i pé adùn tó ń pọ̀ sí i ló ń mú ìtẹ́lọ́rùn pọ̀. Wàhálà tó ń lọ sókè sódò kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Ṣé o rí i? Ìyà tí kò jẹ ọ́ lo ń kà bí ẹni ń ka adùn. Adùn tiyín dà? O ní ẹ jọ máa ń jẹ àsáró nínú abọ́ kan. Ní báyìí, kúlà lo ń gbé kalẹ̀, o ti sùn kó tó dé.

(Wo ìwé ilẹ̀ Mọ́níyà o. Bí orúkọ rẹ ò bá sí níbẹ̀, ní kó fi sí i. Owó rẹ ni.)

Lálẹ́ ọ̀la, má gbé kúlà kankan kalẹ̀. Dúró dè é. Tó bá dé, bu oúnjẹ sínú abọ́ kan, kí o wá dáhùn ohun tó bi ọ́ lóru ọjọ́ yẹn.