Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ti gba ojú bàbá mi pátápátá. Kí ló kù tí a lè ṣe?

Ojú tí glaucoma bá ti gbà, iṣẹ́ abẹ ò lè dá a padà. Ẹ̀kọ́ ló kù, kí bàbá lè máa dá ṣe nǹkan wọn. Ọ̀pá funfun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: bí ẹsẹ̀ òsì bá ń lọ síwájú, ẹnu ọ̀pá á kan ilẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún máa tẹ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká owó náírà lóríṣiríṣi, kí igba má baà jọ ẹgbẹ̀rún, àti TalkBack tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù Android sókè. Braille, ìwé alámì tó yọ sókè táwọn afọ́jú ń fi ìka kà, dáa, àmọ́ fún àgbàlagbà, mi ò ní fi ṣáájú. Ní Èkó, Nigeria Society for the Blind ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ fáwọn afọ́jú ní Òṣòdì.