Màmá Ti Fọwọ́ Síwèé Títa Ilé: Ṣé Ó Ti Bọ́ Náà Nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Màmá mi fọwọ́ síwèé láti ta ilé wọn ní Southwest Philadelphia fún ọkùnrin kan tó wá kanlẹ̀kùn. $90,000 ló lóun máa san. Lánàá ni mo rí ilé kan náà lórí Facebook, ó ń tà á ní $135,000! Ó ní ẹni tó bá ti fọwọ́ síwèé ò lè yí i padà mọ́. Ṣé ká fi ọlọ́pàá mú un pé ó ń ta ilé onílé?

Ìdáhùn: Ilé kọ́ ló ń tà, àbúrò mi. Ìwé tí Màmá fọwọ́ sí ló ń tà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé náà, bóyá ẹ ó rí “and/or assigns”. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó lè gbé àdéhùn náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Alágbàtà tí ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n ni, èrè rẹ̀ ni $45,000 tó wà láàárín yẹn. Ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di olè.

Àmọ́ pé Màmá ò lè yí i padà, irọ́ gbuu ni! Ó ń bí mi nínú, nítorí ẹnu àwọn àgbàlagbà ni wọ́n fi ń pa mọ́. Òfin Pennsylvania, ìpínlẹ̀ tí Philadelphia wà, tó ń jẹ́ Act 52 ti ọdún 2024, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2025, fún onílé ní ọjọ́ 30 láti fagi lé irú àdéhùn yìí láìsan ìtanràn kankan. Bí ilé bá ti kúrò lọ́wọ́ Màmá kí ọjọ́ 30 tó pé, àǹfààní yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sáré gba ilé náà lọ́wọ́ Màmá kí ọjọ́ yẹn tó pé o.

Òfin yẹn kan náà ní kí ọkùnrin yẹn gba láísẹ́ńsì ìpínlẹ̀ kó tó máa ṣe irú iṣẹ́ yìí. Philadelphia náà sì ní kó gba ti ìlú. Ẹ bi í pé àwọn láísẹ́ńsì náà dà.

Lónìí ni kí Màmá kọ lẹ́tà pé àwọn ò tà mọ́, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n fi certified mail ránṣẹ́ (ìyẹn lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí fún), kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Fóònù ò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Department of Records, ọ́fíìsì tí ìlú ti ń tọ́jú ìwé ilé, ní City Hall, ẹ wò ó bóyá ó ti fi ìwé kankan de ilé náà. Bó bá wà níbẹ̀, lọ́yà ni yóò bá yín yọ ọ́.

Mi ò tíì rí ìwé náà o, ẹ gbé gbogbo ojú ewé rẹ̀ fún lọ́yà kà. Bí ọkùnrin náà bá sì padà wá, kí Màmá má fọwọ́ sí nǹkan kan mọ́, ì báà jẹ́ ìwé tó pè ní ìwé ìfagilé.